Màmá Tí Wọ́n Fi Síkàáwọ́ Mi

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé, bí mo tilẹ̀ ti sa gbogbo ipá mi láti gbàgbé ẹ̀. Mo jáde nílé wa ní Òkè-Àdó láàárọ̀ ọjọ́ náà láti lọ gba bàtà mi lọ́wọ́ ṣúmékà ní Ọjà'ba. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà ju wákàtí kan lọ ni.

Tíṣà ni mí, a sì wà nínú ìsinmi àárín táàmù. Bàtà kan ṣoṣo ni mo ní tó ṣeé wọ lọ síwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé, ṣúmékà yìí sì ti gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, ọ̀la ni. Lọ́jọ́ náà, mo pinnu pé n óò jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ṣeréṣeré. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo de táì pupa. Àmọ́ bàtà tí mo fẹ́ lọ gbà ni bàtà tí mo ní, nítorí náà sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo wo ara mi nínú dígí: láti orí dé orókún, mo jọ ọ̀gá ilé-ìwé, láti orókún dé ilẹ̀, mo jọ ẹni tó ń lọ wẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ nǹkan kan nípa mi. Mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn èèyàn pé kò síbi tí n ò mọ̀ n'Íbàdàn. Kí n sòótọ́, Òkè-Àdó ni mo mọ̀, àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, àti ọ̀nà ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń wo ìgboro àtijọ́ kọjá. Bí wọ́n bá ní kí n wọ agboolé kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ kí n gba ẹ̀yìn jáde, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ǹ bá já sí.

Mo wọ takisí, Máíkírà tí gbogbo wa mọ̀, mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mo ní Ọjà'ba ni mò ń lọ. Ọkọ̀ náà kò tíì gbéra nígbà tí obìnrin kan tó múra ibi iṣẹ́ sáré dé pẹ̀lú ìyá àgbà kan. Ó ti ìyá náà wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sójú fèrèsé mi. Mo rò pé táì yẹn ló fà á.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá mi dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀? Màmá mi nìyí. Àbúrò wọn á máa dúró dè wọ́n níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn òyìnbó tó wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wọ ìgboro gbẹ̀yìn, n ò fẹ́ kí wọ́n lọ sọ̀ síbòmíì. Ibi iṣẹ́ ló ń kán mi lójú, èmi gan-an ǹ bá tẹ̀ lé wọn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí. Wọ́n lè gbé ọmọ lé ọ lẹ́sẹ̀ nínú takisí láì mọ orúkọ rẹ, wọ́n sì lè fi odindi ìyá lé ọ lọ́wọ́ kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, irú èèyàn wo nìyẹn? Ọjà'ba ni mò ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo sọ fún un. "Ọjà'ba ni mò ń lọ, mo mọ gbogbo agbègbè yẹn bí ẹní mowó."

"Mo fi wọ́n síkàáwọ́ yín o, sà." Ó padà sẹ́yìn ọkọ̀, ó fẹnu sí ìyá rẹ̀ létí, ó sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń fojú júwe mi. Mo gbà pé ó ń yìn mí ni, mo tún táì mi ṣe.

Mo yíjú sẹ́yìn láti kí Màmá. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ọmọ tó bá ń kí àgbà kì í tẹjú mọ́ ọn. Mo tẹ orí ba, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ohùn kan dáhùn pé, "Káàárọ̀, ọmọ mi." Ohun tí mo rí kò ju etí ìbòrùn funfun kan lọ àti ọ̀rá dúdú tí wọ́n gbé lé ẹsẹ̀. Mo yíjú padà síwájú. Lójú tèmi, a ti mọ ara wa.

A gbéra. A gba Mólété, a gba Bódè, àwọn èèyàn ń bọ́ọ́lẹ̀, àwọn èèyàn ń wọlé. Èmi ń ṣàlàyé fún awakọ̀ ibi tó yẹ kí ìjọba ti fẹ ọ̀nà àti ibi tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Awakọ̀ náà ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà," irú èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń sọ bí ebi bá ti ń pa wọ́n. Ní Pópó Yemọja, ẹnì kan sọ̀, ẹlòmíì wọlé, mo gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn lẹ́yìn. N ò wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ afárá ni mo wà lórí ẹ̀ nígbà náà.

Bí a ṣe ń kọjá Ọjà'ba, mo rí ṣúmékà mi níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Òun náà rí mi, ó rí táì mi, ara rẹ̀ kọ́kọ́ wárìrì. Nígbà tó rí i pé ọkọ̀ ò dúró, inú rẹ̀ dùn, ó juwọ́ sí mi títí a fi lọ.

A dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ ti ń bọ̀ lókèèrè, awakọ̀ ń pariwo pé, "Ẹ tètè bọ́ọ́lẹ̀, wọn ò ní kí n dúró síbí." Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìbòrùn funfun nìyí lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rá dúdú nìyí lórí ẹsẹ̀. Mo gba ọ̀rá, mo di Màmá lọ́wọ́ mú, mo rọra fà wọ́n sílẹ̀. Ọkọ̀ sáré lọ.

"A ti dé, mà," ni mo wí.

"A ti dé lóòótọ́, ọmọ mi. Alùbáríkà á wà láyé rẹ."

Mo wo iwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn, n ò rí ẹni tó jọ ẹni tó ń dúró de èèyàn. "Àbúrò yín dà, mà?"

"Àbúrò mi? Ó wà nílé. Ìsàlẹ̀ Bẹyẹrúnkà níbí ni. Ṣé o ṣì máa bá mi gbé ẹrù délé ni?"

Kí ni ǹ bá sọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ń rò ó pé ọmọbìnrin yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún bó bá gbọ́ pé mo sin ìyá rẹ̀ délé. Màmá gbá mi lọ́wọ́ mú, a wọ inú Bẹyẹrúnkà. A gba ààrin ilé méjì tí páànù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, a la àgbàlá àwọn tí n ò mọ̀ rí kọjá, a fo gọ́tà, a yà sí ọ̀tún, a tún yà. Mo ń kí gbogbo èèyàn: ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ń bi ìyá náà pé, "Alàájà, ọmọ yín nìyí?" Alàájà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ọmọ mi ni." Orí mi ń wú. Bí mo ṣe fo gọ́tà kejì ni okùn sálúbàtà mi já. Alàájà fúnra wọn ló ya etí ọ̀rá dúdú wọn, wọ́n fi bá mi so ó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀.

Nígbà tí a dé agboolé wọn, bàbá arúgbó kan wà lórí ẹní tó ń fọwọ́ rán fìlà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ̀yin ni àbúrò wọn?"

"Èmi ni."

Ọkàn mi balẹ̀. "Ọmọ wọn tó wà ní Òkè-Àdó ló ní kí n fà wọ́n lé yín lọ́wọ́."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ bàbá. "Ọmọ ta?"

"Ọmọ Alàájà, sà. Obìnrin."

"Alàájà ò bí obìnrin. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń gbé inú ilé yìí." Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Alàájà, ta lẹ bí sí Òkè-Àdó?"

Àwọn obìnrin ilé ti ń yọjú láti inú yàrá. Ẹnì kan gbé abọ́ omi wá fún mi, ṣùgbọ́n kò gbé e sílẹ̀, torí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan kọjá òun. Alàájà ṣí ìbòrùn wọn sẹ́yìn, wọ́n sì wò mí. Èmi náà gbójú sókè wò wọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀. Mo wo ojú náà títí. Kò ràn mí lọ́wọ́ rárá, torí n ò tíì rí ojú kankan tí mo lè fi wé e.

"Pópó Yemọja ni mo ti wọkọ̀," ni Alàájà wí. "A dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, o ṣílẹ̀kùn fún mi, o gbẹ́rù mi, o dì mí lọ́wọ́ mú. Mo ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé dáadáa nìyí."

"Ta ló wá jókòó tì yín, mà?"

"Ìyá kan tó ń sùn ni. Òun náà lo ìbòrùn bí èmi. Ó forí lé mi léjìká títí a fi dé."

Ìyá oníyàá ti bá takisí lọ. Ìyá tí kò mọ ìgboro mọ́, tí ọmọ rẹ̀ fi síkàáwọ́ mi, tí mo ní mo mọ gbogbo agbègbè bí ẹní mowó. N ò mọ orúkọ rẹ̀, n ò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, n ò gba nọ́ńbà fóònù. Ẹ̀rù bà mí débi pé n ò rántí dọ̀bálẹ̀ kí n tó sáré jáde.

Ibo ni mò ń sáré lọ? N ò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde ní Bẹyẹrúnkà. Mo yà sí òsì, mo bọ́ sí àgbàlá kan tí obìnrin kan ti ń fọṣọ. "Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. Mo kí i, mo sáré kọjá, mo yà lẹ́ẹ̀mejì, mo tún bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ tún padà dé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà kẹta tó rí mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sáṣọ, ó sì mú mi dé títì.

Ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, obìnrin kan ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn báyìí, fóònù wà létí rẹ̀, omijé sì ti wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dé o," ló ń wí. "Ọmọ wọn ní ọkùnrin kan tó de táì ló wà pẹ̀lú wọn… Táì pupa… Èmi ò rí i o. Àbí ó ti gbé wọn lọ ni?"

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ojú ṣì ń tì mí láti kọ ọ́. Ó yẹ kí n lọ bá a, kí n jẹ́wọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo yíjú sí ògiri, mo tú táì mi, mo sì fi í sápò.

Mo gba ẹ̀yìn lọ bá àwọn awakọ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá ọkọ̀ kan tó ti Mólété bọ̀. Wọ́n ní àwọ̀ wo ni? Ẹ̀yin ẹ wo ìbéèrè, àwọ̀ kan náà ni wọ́n kun gbogbo wọn. Wọ́n ní kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀? N ò wẹ̀yìn ẹ̀. Mo ní ìyá àgbà kan wà nínú rẹ̀, ó lo ìbòrùn funfun, ó gbé ọ̀rá dúdú dání.

Awakọ̀ kan wo gbogbo títì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ìyá tó ń múra àtilọ sí Jímọ̀ ló kún ibẹ̀, funfun ni gbogbo wọn. "Bùrọ̀dá," ló wí, "Jímọ̀ lòní. Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Ẹlòmíì ló ṣàánú mi. Ó ní ọkọ̀ Mólété máa ń ṣẹ́rí padà, á sì gba Ọjà'ba, kí n lọ wò ó níbẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn. Mo wọ́ ẹsẹ̀ kọjá lábẹ́ Mápó, mò ń wo inú gbogbo takisí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, mò ń wo ojú gbogbo ìyá tó lo funfun, bẹ́ẹ̀ n ò mọ ojú tí mò ń wá. Ìyá kan bi mí pé kí ló dé. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́? Ó yára kọjá lọ.

Mo dé Ọjà'ba. Ọkọ̀ olóògùn ìbílẹ̀ kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí, ọkùnrin inú rẹ̀ ń to orúkọ gbogbo àìsàn tí òògùn rẹ̀ ń wò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ẹ̀yìn ríro ló dánu dúró.

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tún ìkéde yìí ṣe. Èèyàn kan sọnù. Ọkùnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ní kò mọ̀nà dáadáa. Ẹni tó bá rí i, kó rọra mú un wá, ẹ má lù ú, kò ṣe nǹkan kan. Ìyá kan ló ń wá a."

Àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Mo ní háà, ẹlòmíì náà wà nínú wàhálà lónìí.

"Ó de táì pupa," ni gbohùngbohùn wí. "Ṣùgbọ́n sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Ọwọ́ mi lọ sínú àpò fúnra rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n mú mi, pé àwọn ọlọ́pàá ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Mo ń wo ibi tí n óò sá gbà. Ìgbà náà ni ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Ṣúmékà mi ni.

"Tíṣà, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń wá yìí? Mo rí táì yẹn lọ́rùn yín láàárọ̀."

Ọkùnrin tí mo jáde nílé láti wá dẹ́rù bà ló dì mí lọ́wọ́ mú, tó fà mí la èrò kọjá, tó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé, "Mo ti rí i. Oníbàárà mi ni." Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀ náà, olóògùn wò mí, ó ní, "Eléyìí kọ́. Tiwa de táì." Ṣé ẹ mọ̀ pé mo yọ táì mi lápò, tí mo sì dúró láàárín Ọjà'ba lọ́sàn-án gangan, tí mo ń dè é, tí èrò ń wò mí? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dè é kó tó dúró.

Ìyá àgbà kan dìde lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ìbòrùn funfun wà lórí rẹ̀, ó ń jẹ ọsàn. Ojú rẹ̀ rẹ́wà, ó ní àmì dúdú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. N ò tíì rí i rí láyé mi.

"Òun nìyẹn," ló wí. "Níbo lo gbà lọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dárí jì mí, mà. Èmi ni mo sọ yín nù."

"O sọ mí nù báwo? Ìwọ lo sọnù. Ọmọ mi sọ fún mi létí pé kí n máa wo ọkùnrin tó de táì, kí n má jẹ́ kójú mi kúrò lára rẹ̀. Oorun ló gbé mi lọ. Mo jí, n ò rí ọ. Dẹ́rẹ́bà ní o ti bá ìyá rẹ sọ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Mo ní ìyá wo? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lé mi lọ́wọ́ ní Òkè-Àdó! Mo wá rántí pé o ní Ọjà'ba lò ń lọ, ni mo ní kó dá mi padà síbí. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá ọ."

Mo sunkún díẹ̀. Mo lè sọ pé eruku ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe eruku.

Màmá gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú, ọwọ́ wọn le. A padà gba abẹ́ Mápó gòkè lọ sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀, Màmá níwájú, èmi lẹ́yìn. Níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn, àbúrò wọn sáré dì mọ́ wọn, ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé òun ni?" "Òun ni," ni Màmá wí. "Mo ti rí i." Àbúrò náà na fóònù sí mi kí n bá ọmọbìnrin ibi iṣẹ́ yẹn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ ti wà lẹ́nu mi, àmọ́ Màmá gba fóònù: "Má dààmú, ọmọ mi. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni."

Mo ní ó dàbọ̀, mo fẹ́ lọ wọ takisí. Màmá ò gbà. Wọ́n sìn mí dé ìdí ọkọ̀, wọ́n tì mí wọ ẹ̀yìn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sójú fèrèsé obìnrin tó jókòó síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń kọjá Òkè-Àdó? Ẹ bá mi sọ ọmọkùnrin yìí kalẹ̀ níbẹ̀. Kò mọ ìgboro dáadáa. Mo fi í síkàáwọ́ yín o."

Obìnrin náà yí gbogbo ara sẹ́yìn. Ó wò mí lójú, ó wo táì, ó wo ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi so sálúbàtà mi, ó tún wò mí lójú dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó dáhùn pé òun ti gbọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà kò ju ohun tí obìnrin yẹn ṣe lọ. Mo ṣì máa ń tẹríba fún àgbà, ilé tí wọ́n ti tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹríba tán, mo máa ń gbójú sókè, mo máa ń wò wọ́n kó tẹ́ mi lọ́rùn, kódà bí wọ́n bá ń bi mí pé ṣé gbèsè la jọ jẹ ara wa. N kì í sì sọ fẹ́nikẹ́ni mọ́ pé mo mọ Ìbàdàn.

Mo ṣì máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí ẹ̀, ẹ̀rín tó máa ń dá dúró fúnra rẹ̀. Obìnrin inú takisí náà sọ̀ mí sí Òkè-Àdó lóòótọ́, kò sì jẹ́ kí awakọ̀ gbéra títí mo fi ṣílẹ̀kùn ilé wa, tí mo wọlé. Ní ti bàtà mi, ṣúmékà ní kí n padà wá lọ́la.